Christian Doppler

Christian Andreas Doppler (ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1803 – ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1853) jẹ́ onímọ̀ físíksì àti onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé pé bí ohun tí ń mú ìró tàbí ìmọ́lẹ̀ jáde bá ń sún mọ́ ẹni tí ń gbọ́ ọ tàbí tí ń wò ó, iye ìgbì tí yóò dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò pọ̀ sí i. Bí ó bá sì ń jìnnà sí i, iye náà yóò dín kù. Ìyípadà Doppler ni ayé ń pe èyí lónìí, orí rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ rédà tí àwọn ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi ń wọn eré ọkọ̀ dúró lé. Doppler fúnra rẹ̀ kò rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà ayé rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tí ń lo agbára ooru omi ni ọkọ̀ tí ó yára jù lọ lórí ilẹ̀, kì í sì í ṣe ọkọ̀ ni ó jẹ ẹ́ lógún nígbà tí ó gbé àbá rẹ̀ jáde. Ìràwọ̀ ni ó ń wò.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Salzburg ni wọ́n bí Doppler sí, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ilé tí ẹbí Mozart olórin ti gbé rí. Òkúta gbígbẹ́ ni iṣẹ́ ìdílé wọn láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, bàbá rẹ̀, Johann, sì rọ́wọ́ mú nínú iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí Christian náà di òòlù mú gẹ́gẹ́ bí àwọn ìran rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le láti kékeré, iṣẹ́ òkúta kì í sì í ṣe iṣẹ́ aláìlera. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kò mọ ohun tí wọn yóò fi ọmọ náà ṣe, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Simon Stampfer, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Salzburg. Stampfer rí i pé orí ọmọ náà pé fún ìṣirò, ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n rán an lọ sí Pọlitẹ́kíníìkì ti Vienna.

Ọdún 1822 ni Doppler wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn tó bí ó ti fẹ́. Ní ọdún 1825 ó padà sí Salzburg láti parí àwọn ẹ̀kọ́ ilé ìwé gíga tí ó kù fún un, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ní ìṣirò àti físíksì láti fi rí owó ná. Lẹ́yìn náà ni ó tún lọ sí Yunifásítì Vienna. Láti ọdún 1829 títí di 1833, ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Adam Burg ní Pọlitẹ́kíníìkì náà, níbi tí ó ti kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́.

Wàhálà iṣẹ́ wíwá

Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ yìí ní gbèdéke, nígbà tí ó sì parí, Doppler ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún láìní ipò tí ó fìdí múlẹ̀. Ní ilẹ̀ Ọ́stríà ìgbà náà, ìdánwò ìdíje ni wọ́n fi ń yan olùkọ́. Doppler díje níbi púpọ̀, kò sì rí ibì kankan gbà á. Ó wá di akọ̀wé ìṣírò owó ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ran òwú, ó sì lo nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1835, ó pinnu láti kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ta àwọn ohun ìní rẹ̀, ó sì rin ìrìn-àjò lọ sí Munich láti bá aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà tí ó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Àsìkò yìí gan-an ni ìròyìn dé pé wọ́n ti gbà á sí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Prague, tí ó jẹ́ olú-ìlú ilẹ̀ Bohemia lábẹ́ ìjọba Ọ́stríà nígbà náà, tí ó sì jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè Tsẹ́kì lónìí. Bí lẹ́tà náà bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ó ṣeé ṣe kí ìtàn ẹ̀kọ́ físíksì gba ọ̀nà mìíràn.

Prague

Ní ọdún 1836 ó fẹ́ Mathilde Sturm, ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Salzburg, wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kò tó o gbé ìdílé. Láti 1837 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ olùkọ́ onígbà díẹ̀ ní Pọlitẹ́kíníìkì ti Prague kún un, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní ọdún 1841.

Ipò náà ga, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbéèrè ẹnu. Ní ọdún 1844 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀sùn kàn án pé ó le jù nínú ìdánwò. Àwọn aláṣẹ ṣe ìwádìí, wọ́n sì bá a wí. Ara tí kò le tẹ́lẹ̀ wá kọṣẹ́ pátápátá. Ó gba ìsinmi àìlera, ó sì di ọdún 1846 kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú hílàhílo àwọn ọdún wọ̀nyí ni iṣẹ́ tí a fi ń rántí rẹ̀ ti jáde.

Àbá ọdún 1842

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1842, Doppler ka ìwé kan níwájú Ẹgbẹ́ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti Bohemia ní Prague. Àwọn olùgbọ́ tí wọ́n wà níbẹ̀ kò tó mẹ́wàá. Àkòrí ìwé náà dá lórí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ méjì-méjì, ìyẹn àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń yí ara wọn po.

Àpèjúwe tí ó lò rọrùn láti lóye. Bí ọkọ̀ ojú omi bá dúró sójú kan, ìgbì òkun yóò máa lù ú ní ìwọ̀n kan náà. Bí ó bá kọjú sí ìgbì tí ó sì ń lọ pàdé rẹ̀, ìgbì tí yóò bá pàdé láàárín ìṣẹ́jú kan yóò pọ̀ sí i. Bí ó bá yí padà tí ó ń sá fún ìgbì, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò bá a. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú òkun fúnra rẹ̀. Doppler sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ìró àti fún ìmọ́lẹ̀, ó sì kọ ìṣirò tí ó so eré ohun tí ń rìn pọ̀ mọ́ iye ìgbì tí ń dé.

Fún ìró, ohun tí ń yí padà ni gíga ohùn. Kò yẹ kí èyí ṣòroó yé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, nítorí pé gíga ohùn ni ó ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba nínú èdè wa. Onílù dùndún a máa fún ọsán lọ́wọ́ kí ohùn ìlù rẹ̀ lè gòkè, a sì máa tú u kí ó lè wálẹ̀. Nínú ìyípadà Doppler, kò sí ẹni tí ó fún ọsán kankan: ìrìn ohun tí ń dún, tàbí ti ẹni tí ń gbọ́ ọ, ni ó gbé ohùn sókè tí ó sì gbé e wálẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ tí ń fọn fèrè kọjá lọ kíkankíkan ti gbọ́ ọ rí. Ohùn fèrè náà ga bí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ó sì já wálẹ̀ bí ó ti kọjá. Awakọ̀ tí ó jókòó nínú ọkọ̀ náà kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan ní tirẹ̀.

Ibi tí Doppler fojú sí gan-an ni ọ̀nà kò gbà. Ó gbàgbọ́ pé funfun ni ìmọ́lẹ̀ gbogbo ìràwọ̀, àti pé ìrìn wọn ni ó mú kí àwọn kan dà bí ẹni pupa, tí àwọn mìíràn sì dà bí aláwọ̀ aró. Ó sọ pé èyí tí ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ń di aláwọ̀ aró, èyí tí ń lọ ń di pupa. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìràwọ̀ ṣe gbóná tó ni ó ń fún un ní àwọ̀, eré àwọn ìràwọ̀ tí a ń fi ojú rí sì kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré ìmọ́lẹ̀ débi pé ojú lásán kò lè rí ìyípadà tí ó ń fà. Òfin rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó lò ó fún kò tọ́, ìdàpọ̀ méjèèjì yìí ni ó sì dá wàhálà sílẹ̀ fún un títí ó fi kú. Nínú àwọn tí wọ́n tètè gbè é lẹ́yìn ni Bernard Bolzano, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Prague.

Ìdánwò lórí ọkọ̀ ojú irin

Ẹni tí ó dán àbá náà wò ní gbangba ni Christophorus Buys Ballot, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 27. Kò gba ọ̀rọ̀ Doppler nípa àwọ̀ ìràwọ̀ gbọ́, ó sì fẹ́ mọ bóyá ti ìró jẹ́ òótọ́. Kò tíì sí ẹ̀rọ kankan nígbà náà tí ó lè ka iye ìgbì ìró tí ń kọjá. Etí ènìyàn ni ó lò.

Ó gbé àwọn afunfèrè sórí ọkọ̀ ojú irin láàárín Utrecht àti Maarssen, ó sì tò àwọn olórin mìíràn tí etí wọn mọ ohùn dunjú sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Àwọn ti inú ọkọ̀ yóò fọn ohùn kan ṣoṣo láìyí i padà. Àwọn ti ilẹ̀ yóò sọ ohùn tí wọ́n gbọ́. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ní oṣù Kejì ọdún 1845 kò yọrí sí rere nítorí òtútù. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n tún un ṣe. Ohùn náà ga bí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ó sì rẹlẹ̀ bí ó ti ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Doppler ti wí.

Ẹnikẹ́ni lè ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀. Ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń sáré mítà 18 ní ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí í ṣe nǹkan bí kìlómítà 65 ní wákàtí, iye ìgbì tí yóò dé etí ẹni tí ọkọ̀ ń bọ̀ wá bá yóò fi nǹkan bí ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó súnmọ́ àlàfo tí ó wà láàárín bọ́tìnnì funfun kan àti dúdú tí ó tẹ̀ lé e lórí dùùrù. Olórin kò lè ṣàìgbọ́ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ń ṣe lẹ́bàá ojú irin ni à bá pè ní wíwọn eré ọkọ̀ pẹ̀lú etí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, wọ́n ti mọ eré ọkọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 1848, Hippolyte Fizeau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dé ìdí ọ̀rọ̀ kan náà láìmọ̀ nípa iṣẹ́ Doppler. Ó fi kún un pé àwọn ìlà dúdú tí a ń rí nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí a bá tú sí oríṣiríṣi àwọ̀ ni ó yẹ kí a máa wò, nítorí wọn yóò sún kúrò ní ipò wọn bí ìràwọ̀ bá ń rìn. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tẹ̀ lé lẹ́yìn ikú Doppler. Ìdí nìyí tí àwọn ará Faransé fi ń so orúkọ Doppler àti ti Fizeau pọ̀.

Schemnitz àti Vienna

Doppler fi Prague sílẹ̀ ní ọdún 1847, ó gba iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakùsà ti Schemnitz, ìlú tí ó wà ní Slofákíà báyìí, tí orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Banská Štiavnica. Kò pẹ́ tí ó débẹ̀ tí rògbòdìyàn ọdún 1848 fi bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Húngárì. Ní ọdún yìí kan náà ni wọ́n yàn án sí Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ti Vienna. Ó padà sí Vienna ní 1849, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1850, Olú-ọba Franz Joseph fi í ṣe olùdarí àkọ́kọ́ fún Ilé Ẹ̀kọ́ Físíksì ti Yunifásítì Vienna. Ọmọ tí kò lè gbé òòlù ti dé ibi tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ọ́stríà.

Láàárín àwọn tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni Gregor Mendel, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì láti ìlú Brno, ẹni tí ìwádìí rẹ̀ lórí ẹ̀wà pòpòndó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa àjogúnbá lélẹ̀. Ó dé Vienna ní 1851, ó sì gba ẹ̀kọ́ físíksì lọ́dọ̀ Doppler.

Àríyànjiyàn pẹ̀lú Petzval àti ikú rẹ̀

Josef Petzval, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní Vienna, gbajúmọ̀ nítorí dígí kámẹ́rà tí ó ṣe ní 1840. Ní ọdún 1852 ó dìde sí Doppler ní Akadẹ́mì. Ó ní irú ìṣirò kékeré bẹ́ẹ̀, tí ó kó sínú ìlà díẹ̀, kò lè gbé òfin ìṣẹ̀dá ńlá kan ró. Ó gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀, èyí tí ó sọ pé iye ìgbì kì í yí padà bí afẹ́fẹ́ tí ìró ń gbà kọjá bá ń fẹ́.

Àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà. Bí ẹni tí ń fun fèrè àti ẹni tí ń gbọ́ ọ bá dúró sójú kan, tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fẹ́, òótọ́ ni pé ohùn kò ní yí padà. Ọ̀rọ̀ Doppler wà fún ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ń rìn. Òun fúnra rẹ̀ dáhùn, Andreas von Ettingshausen sì gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Petzval wúwo ní Vienna, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé òun ni ó jàre.

Nígbà yìí, àìsàn àyà tí ó ti ń bá Doppler fínra, tí wọ́n gbà pé ikọ́ ife ni, ti wọra. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1852, ó fi Vienna sílẹ̀ lọ sí Venice, pẹ̀lú ìrètí pé ojú ọjọ́ tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ yóò ràn án lọ́wọ́. Ara rẹ̀ kò yá. Ìyàwó rẹ̀ lọ bá a níbẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1853, ní ọmọ ọdún 49. Itẹ́ òkú erékùṣù San Michele ni wọ́n sin ín sí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ojú oórì rẹ̀ pàtó lónìí. Ettingshausen ni ó gba ipò rẹ̀.

Láti ìràwọ̀ dé ojú pópó

Ní 1868, William Huggins ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti wọn eré ìràwọ̀ Sirius nípa wíwo àwọn ìlà inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìyípadà Doppler ti di irinṣẹ́ ojoojúmọ́ fún àwọn onímọ̀ ìràwọ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ojú pópó ni rédà, tí ìdàgbàsókè rẹ̀ yára nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní nǹkan bí ọdún 1947, àwọn ọlọ́pàá ìlú Glastonbury, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ti ń fi rédà wọn eré àwọn awakọ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ó ń ju ìgbì rédíò jáde, ìgbì náà lu ara ọkọ̀, ó sì ta padà. Nítorí pé ọkọ̀ ń sún mọ́ ẹ̀rọ, ìyípadà ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì: nígbà tí ìgbì ń dé ara ọkọ̀, àti nígbà tí ó ń ti ara ọkọ̀ padà bọ̀. Ẹ̀rọ yóò fi ìgbì tí ó padà wé èyí tí ó jù jáde, yóò sì ka ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọlọ́pàá ń lo ìgbì bílíọ̀nù 24.15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí, ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ nǹkan bí 4,470 péré ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn nǹkan bí 45 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bílíọ̀nù 24, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún ẹ̀rọ láti kà. Iye 4,470 yìí sì bọ́ sí àárín ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ẹ̀rọ kan máa ń sọ ọ́ di ohùn fún ẹni tí ó mú un lọ́wọ́: bí ọkọ̀ bá ti yára tó ni ohùn yóò ṣe ga tó.

Ẹ̀rọ tí ń fi eré hàn níwájú awakọ̀ kò ṣiṣẹ́ báyìí. Yíyí táyà ni ó ń kà, nítorí náà bí táyà bá tóbi ju bó ti yẹ lọ, yóò sọ iye tí ó kéré ju eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an lọ. Rédà kò bìkítà fún táyà. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí ẹni tí ó mú un kò bá dúró sí ọ̀gangan ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀, tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, iye tí yóò rí yóò kéré ju òtítọ́ lọ, èyí tí ó ṣe awakọ̀ láǹfààní. Ẹ̀rọ alámọ̀ọ́lẹ̀ lésà tí àwọn ọlọ́pàá kan ń lò lóde òní kò tẹ̀ lé òfin Doppler rárá. Àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń lọ tí ó sì fi ń bọ̀ ni ó ń kà. Ní Nàìjíríà, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, wà lára àwọn tí ń lo ìbọn rédà lórí òpópónà márosẹ̀, níbi tí òfin ti fi kìlómítà 100 ní wákàtí ṣe òpin eré fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni.

Òfin kan náà ni àwọn dókítà ń lò láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú iṣan, iṣẹ́ tí Shigeo Satomura bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan láàárín àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sì ń fi rédà Doppler tọpasẹ̀ ìjì.

Orúkọ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó pè é ní Johann Christian Doppler. Christian Andreas ni orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìrìbọmi rẹ̀. Johann ni orúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n ti fi orúkọ Doppler pe ihò ńlá kan ní ẹ̀yìn òṣùpá àti pílánẹ́ẹ̀tì kékeré tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3905, ilé ìwòsàn kan ní Salzburg náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.